Ọba Erin Gbé Igi Àgbálùmọ̀ Mì

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ̀ o!

Ààlọ̀ààà!

Ẹ̀n-ẹ́n, mo gbọ́ ọ báyìí. Ààlọ̀ mi dá gbì, ó dá gbì, ó dá gbì. Kò dá lórí Ìjàpá o. Ìjàpá ti sú mi, ẹ jẹ́ kó lọ sùn lálẹ́ òní. Ààlọ̀ mi dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyá Àwẹ̀ró, àti ọba kan tó gbé odidi igi mì bí ẹni gbé òkèlè mì. Bọ́sẹ̀, yọ ìka kúrò nímú kó o lè gbọ́ mi dáadáa.

Ní ìlú àwọn ẹranko kan báyìí, igi àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn ààfin ọba. Ẹ mọ àgbálùmọ̀, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Èyí tí ẹ ń lá lákòókò ọyẹ́, tí oje rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ yín létè, tí ẹ sì ń nu ọwọ́ sí aṣọ mi. Ẹ rò pé adùn ẹnu nìkan ló wà lára ẹ̀. Ó tán! Igi yẹn ò ní ibì kan tí kò wúlò. Bí inú bá ń run ẹnìkan, ewé ni wọ́n ń já. Bí ibà bá ń ṣe ẹnìkan, èèpo ni wọ́n ń bó. Bí ẹ̀yìn bá ń dun àgbàlagbà, gbòǹgbò ni wọ́n ń wà. Bí ẹnu aláìsàn bá sì korò tí kò lè jẹun, èso ni wọ́n ń fún un lá. Oore tó wà nínú ewé yàtọ̀ sí ti èèpo, ti èèpo yàtọ̀ sí ti gbòǹgbò. Bí ilé olórogún ló rí: baálé kan, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́rin.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń tọ́jú igi yìí. Òun ni ajáwé ìlú, orí ẹ̀ka igi náà ló sì ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Ìyá Àwẹ̀ró. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, Ìyá Àwẹ̀ró kì í ṣàdédé fa ewé ya. Á kọ́kọ́ fi ìka kan ara igi lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó. Á kí i: "Àgbà igi, ẹ kú ìdúró o." Á dárúkọ aláìsàn, á sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá jẹ́ èèpo ló fẹ́, á bó díẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, á bó díẹ̀ lápá ibi tó ń wọ̀ sí, á wá fi ẹrẹ̀ tútù lẹ ojú ọgbẹ́ náà. Kò jẹ́ bó igi yípo láé. Igi tí wọ́n bá bó yípo, kíkú ló ń kú. Bó bá sì ti ń ṣe é lọ, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é o, ẹ má jókòó bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu:

Àgbà igi, mo wá bẹ̀ ọ́ o,
*Kínńkínní, máa bù ú kínńkínní.*
Inú ń run wọ́n, ewé ni n ó já,
*Kínńkínní, máa bù ú kínńkínní.*
Ibà ń ṣe wọ́n, èèpo ni n ó bó,
*Kínńkínní, máa bù ú kínńkínní.*
Bí mo bó o tán, kí lọmọ ọ̀la ó lò?
*Kínńkínní, máa bù ú kínńkínní.*

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọyẹ́ ọdún kan, ibà kọlu Àwẹ̀ró. Kì í ṣe ibà kékeré. Ara ọmọ náà ń jó fòfò, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, gbà-gbà-gbà-gbà. Ìyá Àwẹ̀ró mọ irú ibà yẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ń fi mu àgbo èèpo sí i, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí aláìsàn bá dá a dúró lọ́nà, ibà náà á padà wá, kò sì ní lọ lóun nìkan. Ìyá Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í se àgbo. Àwẹ̀ró mu ún lọ́jọ́ kìíní, ó mu ún lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ fẹ́ máa tutù.

Ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni ọ̀fìnkìn mú ọba.

Erin sì ni ọba. Ẹ wò ó, bí ọ̀fìnkìn bá mú ẹ̀yin, imú yín tí kò ju kóró ẹ̀pà lọ, ojúlé mẹ́ta ló ń gbọ́ igbe yín. Ẹ wá wo ọ̀fìnkìn nínú imú tó gùn tó òpó ilé! Kábíyèsí sín lẹ́ẹ̀kan: "Haaa-tìṣììì!" Òrùlé ilé mẹ́ta ṣí. Ó sín lẹ́ẹ̀kejì: "Haaa-tìṣììì!" Gbogbo adìẹ ìlú bá ara wọn ní abúlé kejì, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ta ló kó àwọn wá. Ó sín lẹ́ẹ̀kẹta: "Haaa-tìṣììì!" Ọjà tí wọ́n ń ná níwájú ààfin láàárọ̀, etí odò ni wọ́n ti parí ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sáré pe Ìyá Àwẹ̀ró. Ó bá ọba níbi tí inú ti ń run ún, tí ibà ń ṣe é, tí ẹnu rẹ̀ sì korò bí ewúro. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé àgbo ewé wá, inú ọba dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àgbo èèpo wá, ara ọba tutù. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú èso kan ṣoṣo wá, ọba lá a, ẹnu rẹ̀ là, ó sì jẹ iṣu ọgọ́rùn-ún. Ọ̀fìnkìn nìkan ló kù.

Ìyá Àwẹ̀ró ní: "Kábíyèsí, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀fìnkìn kì í gbọ́ àṣẹ ọba. Bó bá di ọ̀túnla, á lọ fúnra rẹ̀."

Ọba ò fẹ́ gbọ́ ọ̀túnla. Òbúkọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òbúkọ ni Ọ̀tún ọba. Ẹ má rò pé nítorí ọgbọ́n ni wọ́n fi jẹ ẹ́ o, irùngbọ̀n rẹ̀ ni àwọn afọbajẹ wò. Òbúkọ fọwọ́ pa irùngbọ̀n yẹn, ó ní:

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ewé lásán ló wo inú yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èèpo lásán ló lé ibà yín lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èso kan péré, ẹnu yín là?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀tún."

"Tí ẹ bá wá gbé odidi igi náà mì ńkọ́?"

Ọba lanu. Ó pa á dé. Ó tún là á. "Ọ̀tún, orí ẹ pé o!"

"Irùngbọ̀n mi ni, Kábíyèsí."

Ìyá Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó fi orí kanlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ dákun. Àpọ̀jù ló ń sọ oògùn di májèlé. Àti pé ọmọ mi wà nílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kó mu àgbo rẹ̀ pé. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bí ẹ bá gbé igi yẹn mì, ọmọ mi á kú."

"Ìyá Àwẹ̀ró, má jẹ́ kọ́rọ̀ yìí pọ̀. Bí ara ọba bá yá, ara ìlú yá."

"Kábíyèsí, ara ọmọ mi ò sí nínú ara yín."

"Ara gbogbo yín ló wà nínú ara mi," Erin wí. "Ṣé o ò rí bí mo ṣe tóbi tó ni?"

Ló bá dìde. Ilẹ̀ ń mì, gbì, gbì, gbì. Ìyá Àwẹ̀ró sáré gba ẹ̀yìn ààfin, ó fò gun igi, ó gbé Àwẹ̀ró pọ̀n, ó tún fò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ dáadáa tí ọba fi dé. Erin ò kan igi, kò kí i. Ó fi imú lọ́ ọ mọ́ra, ó fà á gìrì, ó fà á gìrì, ó fà á fàààwù! Igi hú tòun ti gbòǹgbò. Ọba la ẹnu gbàgà. Ewé wọlé, ẹ̀ka wọlé, ìtì igi wọlé, gbòǹgbò wọlé. Gúlúúú! Ó gbé e mì. Oje àgbálùmọ̀ lẹ ẹnu Kábíyèsí pọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú sì rí ìsinmi díẹ̀. Nígbà tí ẹnu náà máa fi ṣí, ọ̀fìnkìn ti lọ. Ọba jó, Òbúkọ jó, wọ́n jó títí.

Ìyá Àwẹ̀ró ò jó ní tiẹ̀. Inú kòtò tí igi yẹn fi sílẹ̀ ló wà tó ń fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀. Èèpo kan ló rí níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Ó sè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn nínú ihò Òkété, aládùúgbò rẹ̀, tó gbà wọ́n sílé. Àwẹ̀ró mu ún. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ibà ti padà, ọmọ náà ò sì dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ìyá Àwẹ̀ró sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Àárọ̀ yẹn náà ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọba.

"Ọ̀tún, bá mi wo etí mi."

Òbúkọ wò ó. "Kábíyèsí, ewé ni."

"Ewé kí ni?"

"Ewé yín ni, Kábíyèsí."

Ọba jáde síwájú ààfin láti gba atẹ́gùn. Kó tó rìn dé àárín ojúde, ẹ̀ka ti yọ ní etí méjèèjì, wọ́n gbilẹ̀ lórí rẹ̀. Èso rọ̀ sí imú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bó bá sì mí, wọ́n á máa gbá ara wọn, pọ́kú, pọ́kú. Èèpo bò ó lára láti ọrùn dé ìrù. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kó sá padà wọlé, ẹsẹ̀ ò gbé. Gbòǹgbò ti yọ ní ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wọnú ilẹ̀ lọ jìnnà. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọba ti di igi.

Ìròyìn ká ìlú: "Igi ti padà o! Iwájú ààfin ló hù sí lónìí!"

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, inú ń run ún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun ẹsẹ̀ ọba, ó gun ẹ̀yìn ọba, ó fa ewé etí rẹ̀ ya, fàààtu!

"Yéè! Etí mi o!"

Ọ̀bọ wo ìsàlẹ̀. "Igi wo ló ń sọ̀rọ̀?"

"Kì í ṣe igi! Ọba yín ni!"

"Ọba ni o, igi ni o, inú ń run mí," Ọ̀bọ wí, ó sì já ewé ẹ̀kún apá méjì.

Ọ̀bọ lọ, Ẹlẹ́dẹ̀ dé. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ó gbé ọkọ́ lọ́wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìdí ìka ẹsẹ̀ ọba, kù, kù, kù.

"Yéè! Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi!"

"Kábíyèsí, ẹ má bínú. Kékeré ni mo fẹ́." Kékeré kọ́ ló gbé lọ o. Ẹlẹ́dẹ̀ mọ kékeré rí?

Ẹlẹ́dẹ̀ lọ, ọba gbọ́ ohun kan ní ẹ̀gbẹ́ etí òsì, wọ́mú, wọ́mú, wọ́mú. Ó yíjú. Òbúkọ ló ń jẹ ewé.

"Ọ̀tún! Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Kábíyèsí. Ewé yín tutù dáadáa ni."

"Ọ̀tún, èmi ni o! Èmi tí o máa ń dọ̀bálẹ̀ fún!"

"Ẹ dákẹ́, Kábíyèsí," Òbúkọ wí, ewé kún ẹnu rẹ̀. "Igi kì í sọ̀rọ̀."

Ọba ò mọ ohun tó lè ṣe mọ́. Ló bá gbé orin tó ti máa ń gbọ́ lẹ́yìn ààfin, tí kì í fetí sí. Ẹ gbè é fún un o, ojú ń pọ́n ọn:

Ọ̀bọ, Ọ̀bọ, etí mi rèé o,
*Kínńkínní, máa bù ú kínńkínní.*
Ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi rèé o,
*Kínńkínní, máa bù ú kínńkínní.*
Òbúkọ oníkùn, ọba rẹ rèé o,
*Kínńkínní, máa bù ú kínńkínní.*

Ìyá Àwẹ̀ró gbọ́ orin yìí látinú ihò Òkété. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó rí Erin, inú bí i gidigidi. Ẹni tó jẹ ìyè ọmọ rẹ̀ ló dúró síwájú rẹ̀ yìí, kò lè sá, kò lè jà. Ìyá Àwẹ̀ró fẹ́ bó o yípo, láti ọrùn dé ìrù. Ó gbé ọ̀bẹ sókè. Ó wá rántí ọmọ tó wà lórí ẹní. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé: bí mo bá bó o yípo lónìí, inú mi á rọ̀. Kí ni n ó wá bó lọ́la?

Ó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀ díẹ̀. Ó fi ìka kan orúnkún ọba, kó, kó, kó.

"Kábíyèsí, ẹ kú ìdúró o."

Láti àárọ̀, kò sí ẹni tó kí ọba. Bó ṣe gbọ́ "ẹ kú ìdúró", ó bú sẹ́kún, omijé ẹ̀ sì ń já bọ́ bí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró ọmọ mi ni ibà ń ṣe. Èèpo díẹ̀ ni mo fẹ́."

Ó bó díẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó bó díẹ̀ lápá ibi tó ń wọ̀ sí, ó fi ẹrẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ọba di ojú títí ó fi ṣe tán. Kò dùn ún tó bó ṣe rò.

"Ìyá Àwẹ̀ró, dárí jì mí. Yọ mí níbí."

"Mo lè yọ yín," Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Bí mo bá ti ìrù mi bọ imú yín báyìí, ẹ ó sín, igi á sì fò jáde. Ṣùgbọ́n igi tó bá fò jáde báyẹn ti kú nìyẹn. Ọmọ mi ṣì ní ọjọ́ mẹ́rin."

"Ọjọ́ mẹ́rin! Lórí ìdúró?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ara gbogbo wa wà nínú ara yín."

Ìyá Àwẹ̀ró já èso kan ní imú rẹ̀, ó mú kóró inú rẹ̀, ó gbìn ín sínú kòtò tó wà lẹ́yìn ààfin, ó wá lọ se àgbo.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ọba ti ń pariwo: "Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti yá?" Ẹ má tan ara yín, ara tirẹ̀ ló ń rò.

"Ó ṣì ń gbóná, Kábíyèsí."

"Ó jẹun?"

"Kò jẹun."

"Kí ló dé tí kò jẹun? Já èso lọ fún un! Já méjì! Ẹnu rẹ̀ ló korò!"

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àwẹ̀ró ní ọmọ ti mu ẹ̀kọ díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni ọba ń sọ fún: "Ó mu ẹ̀kọ o! Wọ́n ní ó mu ẹ̀kọ!" Lálẹ́, kò lè sùn. Ó ń rò ó bóyá ọmọ náà ti làágùn, bóyá wọ́n da aṣọ bò ó. Ó ní kí Òbúkọ lọ wò ó wá. Òbúkọ ní òun ò tíì jẹun tán. Ọba fi ẹ̀ka na Òbúkọ ní ìdí, pàù! Òbúkọ lọ, ó sì fi eré lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn tí Àwẹ̀ró mu àgbo ìkẹyìn, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sójúde ọba. Ó rù, ojú rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tutù. Ó fò, pọ́n, pọ́n, pọ́n, ó dé àtàrí ọba, ó jókòó síbẹ̀, ó já èso, ó ń lá a. Ìyá Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Erin náà ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ewé orí rẹ̀ ń mì.

"Kábíyèsí, mo dúpẹ́," Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Ó yá, ẹ gbé imú sókè."

Ó ti ìrù bọ imú ọba. Imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. "Haaa," ọba ń wí, "haaaaa..."

Òkété ló yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń sáré, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, orí ọmọ náà sì ń gbọ̀n yẹbẹyẹbẹ. Ó ń kígbe láti òkèèrè: "Ìyá Àwẹ̀ró! Ìyá Àwẹ̀ró o! Ọmọ mi ń jó bí iná!"

Ọba rí i. Ó ká imú kò, ó fi eyín ti imú náà mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ yọ síta, ikùn rẹ̀ wú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n gìrì-gìrì. Ó gbé sísín náà mì, gbúlú. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Àwẹ̀ró," ó wí, "yọ ìrù ẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ń mu ún, àbí?"

Ẹ ń bi mí pé ìgbà wo ló wá bọ́? Ìgbà tí kóró tí wọ́n gbìn lẹ́yìn ààfin di igi tó so. Ọdún mélòó nìyẹn? Ìwọ náà lọ gbin tìrẹ, kó o jókòó tì í, kó o máa kà á.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání rèé. Oore tí Olódùmarè kó sínú igi, ìwọ̀n ló fi sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara rẹ̀ ló máa fi gbé e. Àti pé ibà ọmọ ẹlòmíràn kì í ṣe ibà kékeré. Ẹni tó bá rò pé kékeré ni, kó bi ìyá rẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bí mo bá parọ́, kí ẹnu mi lẹ̀ pọ̀ títí di àárọ̀. Ó ṣí, àbí kò ṣí? Ó ṣí! Ẹ dìde, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun ẹní mi.